Ẹṣin Mélòó Ló Wà Nínú Mẹ̀sí?

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ilé wa ní London, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, gbé ìwé kan tí ó ti fi rúlà fa ìlà sí wá bá mi. Ó ti kọ orúkọ àwọn ọkọ̀ Mercedes-Benz sí apá òsì, ó fi àyè sílẹ̀ ní apá ọ̀tún, ó sì bi mí pé, "Dádì, èwo ló lágbára jù nínú gbogbo wọn?" Mo fẹ́ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó tèmi tí kò mọ Mẹ̀sí. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ẹnì kan ní àdúgbò bá ra Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́, tí afẹ́fẹ́ tútù inú rẹ̀ ń fẹ́ bí ọyẹ́ oṣù Kejìlá, tọmọdé tàgbà ni yóò mọ̀ pé Ọlọ́run ti ṣe é fún onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n bí mo ti la ẹnu, mo rí i pé iyì ọkọ̀ náà ni mo mọ̀, n kò mọ agbára rẹ̀. Mo dákẹ́, mo sì lọ kàwé. Ohun tí mo bá bọ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi sọ, nítorí irú ìbéèrè yìí kò ní pẹ́ dé ilé tiyín náà, bí kò bá tíì dé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n. Agbára ẹṣin ni a fi ń wọn agbára ọkọ̀. James Watt, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni ó sọ ìwọ̀n yìí di ìlúmọ̀ọ́ká ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹ̀rọ tí ooru omi gbígbóná ń yí ni ó ń tà, ẹṣin sì ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń lò; ó di dandan kí ó sọ iye ẹṣin tí ẹ̀rọ kan yóò rọ́pò fún wọn kí wọ́n tó yọ owó. Ọ̀rọ̀ ẹṣin kò ṣàjèjì sí àwa náà. Àwọn ẹlẹ́ṣin ni ó sọ Ọ̀yọ́ Ilé di ìjọba ńlá. Ibi tí igbó dídí àti eṣinṣin tí ń pa ẹṣin bá ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ọwọ́ Ọ̀yọ́ ti ń rọ. Ẹni tí ó ń ka ẹṣin rẹ̀ láyé ìgbà náà, ọlá ni ó ń kà. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó gun ẹṣin, bí kò bá fẹ́ ju ìpàkọ́, ẹṣin tí ó gùn yóò jù ú fún un.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1886, Karl Benz, ará Mannheim ní ilẹ̀ Jámánì, kọ̀wé sí ìjọba láti gba ẹ̀tọ́ lórí ọkọ̀ tí ó ṣe. Ẹsẹ̀ 3 ni ọkọ̀ náà ní. Agbára rẹ̀ kò pé ti ẹṣin 1, eré rẹ̀ kò sì kọjá kìlómítà 16 ní wákàtí kan. Àwọn ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín. Bertha ìyàwó rẹ̀ ni ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1888, láìsọ fún ọkọ rẹ̀, ó kó àwọn ọmọkùnrin wọn méjì sínú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà, wọ́n sì wà á láti Mannheim lọ sí Pforzheim, ní ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ìrìn tí ó ju 100 kìlómítà lọ. Nígbà tí ojú ọ̀nà epo dí, píìnì fìlà rẹ̀ ni ó fi là á. Nígbà tí epo tán, ilé oògùn kan ní Wiesloch ni ó ti ra òmíràn, nítorí ilé epo kò tíì sí níbi kankan láyé. Nígbà tí bírékì ń jẹ tán, ó ní kí oníbàtà kan kan awọ mọ́ ọn. Bí ọmọ yín bá ní ìyá ẹni kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, ẹ sọ ìtàn yìí fún un.

Ní Cannstatt, ní ilẹ̀ Jámánì kan náà, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ń ṣe ọkọ̀ tiwọn, wọ́n sì ń bá Benz du ọjà. Ọkùnrin oníṣòwò kan, Emil Jellinek, tí ń gbé ní Nice ní ilẹ̀ Faransé, ni ó ń bá wọn tà á fún àwọn olówó. Jellinek kì í yé fẹjọ́ sùn pé ọkọ̀ wọn kò yá tó. Ní ọdún 1900, ọdún tí Daimler kú, ó ṣe àdéhùn láti ra ọkọ̀ 36 pọ̀, bí wọ́n bá lè ṣe èyí tí ó gùn, tí ó súnmọ́ ilẹ̀, tí ó sì lágbára ju gbogbo ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí wọ́n sì fi orúkọ ọmọ òun obìnrin pè é. Mercédès ni ọmọ náà ń jẹ́. Ọkọ̀ náà ní ẹṣin 35. Ní oṣù Kẹta ọdún 1901 ó sì borí gbogbo ọkọ̀ tí ó bá a díje ní Nice. Ọmọ ọdún 11 ni Mercédès nígbà náà, bíi ti ọmọ tèmi. Nígbà tí mo sọ èyí fún un, ó bi mí ìgbà wo ni a ó fi orúkọ tirẹ̀ pe ọkọ̀. Mo ní kí ó kọ́kọ́ parí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìdíje ẹṣin ti gbóná. Ní ọdún 1909, ilé-iṣẹ́ Benz gbé ọkọ̀ kan jáde tí ayé wá ń pè ní Blitzen Benz, èyí tí ó túmọ̀ sí Benz Mọ̀nàmọ́ná. Ẹṣin 200 ni ó ní. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ṣe rí i: ẹ́ńjìnnì náà gba lítà 21 àti ààbọ̀, sìlíńdà rẹ̀ kò sì ju 4 lọ, ìyẹn ni pé sìlíńdà kan ṣoṣo fẹ̀ ju odindi ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó wà níwájú ilé wa lónìí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1911, Bob Burman fi í sá eré kìlómítà 228 ní wákàtí kan lórí iyanrìn etí òkun Daytona ní Amẹ́ríkà. Kò sí bàálù tí ó lè bá a ní ọdún náà.

Ní ọdún 1926, Daimler àti Benz parapọ̀, nítorí ọrọ̀ ajé Jámánì ti dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní. Lẹ́yìn èyí ni SSK dé, tí Ferdinand Porsche ṣe, ọkọ̀ tí ẹ̀rọ kan ń fi tipátipá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ń fín ẹwìrì. Bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, igbe ọkọ̀ náà a gba ìgboro kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 770, tí wọ́n ń pè ní Mercedes Ńlá, èyí tí ọba ilẹ̀ Japan, Hirohito, ń gùn. Àwọn aláṣẹ Nazi náà gùn ún.

Ibi yìí ni n kò fẹ́ kí a sáré kọjá. Ìjọba Hitler ń fún Mercedes àti Auto Union lówó kí wọ́n lè fi eré ọkọ̀ gbé orúkọ Jámánì ga. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1938, lórí ọ̀nà márosẹ̀ tí ó wà láàárín Frankfurt àti Darmstadt, Rudolf Caracciola wa Mercedes kan tí ó ní ẹṣin 736, ó sì sá eré kìlómítà 432 àti díẹ̀ ní wákàtí kan. Títí di ọdún 2017 kò sí ẹni tí ó sá jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀nà ìgboro. Ní ọjọ́ kan náà, Bernd Rosemeyer gbé ọkọ̀ Auto Union jáde láti gba ipò náà padà. Ọkọ̀ náà kúrò lójú ọ̀nà, Rosemeyer sì kú. Ọmọ ọdún 28 ni. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà di ibi tí a ti ń ṣe ẹ̀rọ ogun. Ní ọdún 1944, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé ní 63,000, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì wọn ni a fi ipá mú ṣiṣẹ́: àwọn tí a kó láti orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun, àti àwọn tí a kó wá láti àgọ́ ìfìyàjẹni. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ èyí, ó sì wà nínú ìtàn tí ó ń sọ nípa ara rẹ̀. Àwa tí a kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú kọjá òkun mọ ohun tí à ń pè ní iṣẹ́ àfipáṣe. Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. N kò rò pé ó burú bí ọmọdé bá mọ̀ pé irin tí ń dán ní ìtàn lábẹ́ ọ̀dà rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1954, 300 SL jáde, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ìyẹ́ ẹyẹ, ẹṣin rẹ̀ sì jẹ́ 215. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Stirling Moss, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi 300 SLR gba ipò kìíní nínú eré Mille Miglia ní Ítálì, ó parí rẹ̀ ní wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 7. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1955 kan náà, ní Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, irú ọkọ̀ yẹn kan tí Pierre Levegh ń wà fò wọ àárín àwọn òǹwòran. Ènìyàn tí ó ju 80 lọ ni ó kú pẹ̀lú rẹ̀. Ní òpin ọdún náà, Mercedes kúrò nínú eré ọkọ̀, ó sì tó ọgbọ̀n ọdún kí ó tó padà sí i ní pẹrẹu.

Bí ẹ bá bi èmi, ìgbà tí ó dùn jù nínú ìtàn yìí ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú Mercedes 600 ní Frankfurt. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ oní-sìlíńdà 8, ó gba lítà 6.3, ẹṣin rẹ̀ sì jẹ́ 250. Wíńdò rẹ̀, ìjókòó rẹ̀, títí dé ìdérí búùtù, omi epo tí a fún pọ̀ nínú páìpù ni ó ń gbé wọn sókè sódò láìdún pinpin. Ọkọ̀ 2,677 péré ni wọ́n ṣe títí di ọdún 1981. Àwọn tí ó rà á ni ó yani lẹ́nu: Elvis Presley àti John Lennon olórin, Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà, Tito ti Yugoslavia, Ceaușescu ti Romania, Mobutu ti Zaire, Idi Amin ti Uganda. Ní ìlà oòrùn Áfíríkà, ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ wọ èdè Swahili, WaBenzi, ìyẹn "ẹ̀yà àwọn oníBenz", èyí tí àwọn mẹ̀kúnnù fi ń pe àwọn tí ó gba ipò lọ́wọ́ òyìnbó tí wọ́n sì gbàgbé ọ̀nà ilé.

Ẹnjiníà kan wà nínú ilé-iṣẹ́ náà, Erich Waxenberger ni orúkọ rẹ̀. Inú bí i nígbà tí àwọn oníròyìn ń sọ pé ọkọ̀ àgbàlagbà ni Mercedes ń ṣe. Láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó mú ẹ́ńjìnnì 600, ó sì kì í bọ inú 300 SEL, ọkọ̀ tí ó kéré sí i. Wọ́n ní nígbà tí Rudolf Uhlenhaut tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà, iná tó ń darí ọkọ̀ dá a dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀ wò, nítorí kò gbàgbọ́ pé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lè gba ibẹ̀. Ní ọdún 1968 wọ́n gbé e jáde ní 300 SEL 6.3. Ibi yìí ni mo ti kọ́ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọkọ̀ wé ọkọ̀. Ẹṣin 250 ni ó wà nínú 600, ẹṣin 250 kan náà ni ó wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n 600 wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2 àti ààbọ̀. Ìkejì kò tó tọ́ọ̀nù 2. Nítorí náà, ìkejì fi ìkíní sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Kí á máa ka ẹṣin láìwo ẹrù tí ó rù, ìṣirò aláìpé ni. Mo ní kí ọmọ mi fa ìlà mìíràn sí ìwé rẹ̀, kí ó kọ "ìwúwo" sí orí rẹ̀.

Àwọn méjì tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí ní Mercedes, Hans Werner Aufrecht àti Erhard Melcher, ti dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1967. Wọ́n mú A àti M nínú orúkọ ara wọn, wọ́n mú G nínú Großaspach, ìlú tí a ti bí Aufrecht, wọ́n sì pe ilé-iṣẹ́ náà ní AMG. Nígbà tí 6.3 jáde, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n fẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dé lítà 6.8, wọ́n kùn ún ní pupa, wọ́n sì gbé e lọ sí eré oníwákàtí 24 ní Spa, ní Belgium, ní ọdún 1971. Àwọn ènìyàn rí ọkọ̀ ńlá tí ó yẹ kí ó máa gbé olówó lọ sí ibi ìpàdé, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹṣin 428 ni ó wà nínú rẹ̀. Ipò kejì ni ó ṣe nínú gbogbo ọkọ̀ tí ó sáré. Láti ọjọ́ náà ni AMG ti di orúkọ tí àwọn ọmọ wa ń pè lónìí bí ẹni pe orúkọ akọni. Mercedes ra ilé-iṣẹ́ náà nígbẹ̀yìn. Títí di òní, lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ńlá wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó sì ń fi orúkọ rẹ̀ sí i. Àwọn agbẹ́gilére wa kan náà kì í fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ láìní àmì ọwọ́.

Ní àwọn ọdún tí àwọn aláṣẹ kan ní Áfíríkà ń gun 600, olórí orílẹ̀-èdè tiwa ń gun Mẹ̀sí dúdú kan tí kì í ṣe 600. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, Ọ̀gágun Murtala Muhammed ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó, láìsí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bíi gbogbo ènìyàn, nígbà tí àwọn sójà ọlọ̀tẹ̀ yìnbọn pa á. Ọkọ̀ náà wà ní Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, ojú ihò ọta sì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá kó ọmọ rẹ̀ lọ sí Èkó fún ìsinmi lè mú un débẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ olówó iyebíye púpọ̀ láti ìgbà tí mo ti dé òkè òkun. Kò sí èyí tí ó dá mi dúró bí èyí.

Àwọn tí ó tẹ̀lé 6.3 kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. 450 SEL 6.9 dé ní 1975 pẹ̀lú ẹṣin 286. Ní 1987, BMW gbé ọkọ̀ oní-sìlíńdà 12 jáde, ẹṣin 300, ojú sì ti Mercedes. Ní 1991 ó fèsì pẹ̀lú 600 SEL, sìlíńdà 12, ẹṣin 408. Ní àsìkò yẹn náà ni 500 E jáde, ẹṣin 326, tí Porsche bá wọn ṣe nínú ọgbà tiwọn, tí ó sì jọ ọkọ̀ takisí lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ sí fò: SLR McLaren ní 2003, ẹṣin 626; SLS oníná mànàmáná ní 2013, ẹṣin 751; AMG GT Black Series ní 2020, ẹṣin 730.

Nígbẹ̀yìn a dé ibi tí ọmọ mi ń retí. AMG ONE ni ó lágbára jù nínú gbogbo àwọn tí wọ́n tíì tà fún ará ìlú láti máa wà ní ìgboro. Wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn ní Frankfurt ní 2017, Lewis Hamilton ni ó wà á wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é fún àwọn tí ó rà á ní 2022. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá láti inú ọkọ̀ Formula 1 tí Hamilton fi ń gba ife-ẹ̀yẹ, kò sì ju lítà 1.6 lọ, ẹ rántí pé lítà 21 àti ààbọ̀ ni Blitzen Benz fi rí ẹṣin 200. Wọ́n fi mọ́tò oníná mànàmáná 4 kún un, àpapọ̀ ẹṣin rẹ̀ sì di 1,063. Eré rẹ̀ dé kìlómítà 352 ní wákàtí kan. 275 péré ni wọ́n ṣe, ìkọ̀ọ̀kan ju mílíọ̀nù 2 owó euro lọ. Ènìyàn 2 ni ó ń gbà. Nígbà tí wọ́n ń kéde rẹ̀, wọ́n sọ pé bí ó bá ti rin 50,000 kìlómítà, a ó tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, a ó sì tún un tò.

Ọmọ mi kọ 1,063 sí orí ìlà kìíní, ó fi báírò pupa yí i ká. Mo wá ní kí ó fi ọkọ̀ kan kún un tí kò sí nínú ìwé tirẹ̀. Akẹ́rù Mercedes 911 ni, èyí tí àwọn jórinjórin wa ní Èkó máa ń kan ara bọ́ọ̀sì lé lórí, tí ó di mólúè. Orúkọ akẹ́rù náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìṣirò: 9 ni tọ́ọ̀nù àpapọ̀ ìwúwo rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀, 11 sì túmọ̀ sí ẹṣin 110. Kí àwọn bọ́ọ̀sì BRT tó dé ní 2008, òun ni ó ń kó àwọn ọlọ́jà, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọmọ iléèwé láti Ọ̀shòdì lọ sí Ìdúmọ̀tà, èmi náà sì wà nínú wọn, tí mo fi ọwọ́ kan rọ̀ mọ́ irin òkè, tí mo fi ìkejì di àpò ìwé mú. Mo sọ fún un pé àwọn tí ó jókòó lé ní 40, pé àwọn tí ó dúró ni ẹnikẹ́ni kò kà.

Ó ronú díẹ̀. Ó kọ 911 sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹṣin 110. Lẹ́yìn náà ni ó fa ìlà tuntun kan sí apá ọ̀tún, ó kọ "iye ènìyàn" sí orí rẹ̀, ó kọ 2 síwájú AMG ONE, ó sì yí ojú padà sí mi pé, "Dádì, nínú mólúè yẹn, mélòó gan-an ni kí n kọ?"